Káìtì tuntun tí kò légungun: ẹ wọn okùn kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́

Afẹ́fẹ́lẹ́lẹ́

Ẹ kú afẹ́fẹ́ o, gbogbo ilé. Káìtì tí a fi ń gun pátákó lórí omi ló wà nílẹ̀ lónìí, irú tuntun tí kò ní egungun kankan (túúbù ìdábùú tí à ń fẹ́) láàárín. Etí iwájú nìkan ni à ń fẹ́, ìyókù aṣọ lásán ni. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10 m². Ẹni tó ń gùn ún wọn kílò 78, pátákó foil (tó ní ìyẹ́ lábẹ́ tó ń gbé e kúrò lójú omi) ló wà lẹ́sẹ̀, báà, ọ̀pá ìdarí ọwọ́, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, okùn mẹ́rin, méjì iwájú àti méjì ẹ̀yìn, jẹ́ mítà 22, ìyára afẹ́fẹ́ wà láàárín nọ́ọ̀tì 9 sí 17. Wákàtí mẹ́fà péré ló tíì lò lójú omi, nítorí náà ohun tí ojú kọ́kọ́ rí nìyí, kì í ṣe ìdájọ́.

Ó fúyẹ́. Káìtì elégungun mẹ́ta ní ìwọ̀n yìí máa ń tó kílò mẹ́ta. Èyí kò ju bíi méjì lọ. Tí a bá ká a sínú àpò, kò ju ìrọ̀rí kan lọ. Ní nọ́ọ̀tì 9, níbi tí elégungun mẹ́ta ti máa ń fẹ́ sùn lórí omi, èyí ń rìn lókè bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Báà kò wúwo lọ́wọ́. Ó ń yí kíá, kì í sì í gba àyè púpọ̀ kó tó yí. Tó bá já sómi, ẹ fa okùn ẹ̀yìn kan, á rọra yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, á sì gbéra.

Àléébù mẹ́ta ló hàn. Tí a bá fa báà mọ́ra pátápátá, káìtì á dákú lókè, á wá máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ wálẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ju nọ́ọ̀tì 15 lọ, etí ẹ̀yìn á máa lu pàpàpàpà nígbàkigbà tí a bá ti báà síwájú. Ẹ̀kẹta, ó ń fà sí òsì díẹ̀díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé báà dúró gbọọrọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, àbí nǹkan kan wà tí a ò tò dáadáa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá sí i.

BáàGbọọrọ

Àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta, okùn ni. Ẹ má tíì fẹnu kan káìtì.

Okùn iwájú méjèèjì ló ń gbé ìwọ̀n ara yín, ẹ̀yìn ń darí lásán. Èyí tó ń gbé ẹrù ló ń nà. Nígbà tí iwájú bá fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ gùn sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ti kúrú, káìtì á sì máa rò pé ẹ ti fa báà kí ẹ tó fà á rárá. Elégungun mẹ́ta á fara dà á. Aláìlégungun kò ní nǹkan kan tó lè gba aṣọ dúró, ojú ẹsẹ̀ ló máa dákú.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tó mítà 25. Ẹ ti òpó kékeré tàbí skrúdíráfà ńlá kan bọlẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi orí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọ. Ẹ tú okùn ìdínkù agbára sílẹ̀ pátá, kó má ku ohun kankan tó ń fa iwájú kúrú. Ẹ rìn sẹ́yìn, ẹ fa báà wá débi chicken loop (òrùka tí a fi ń kọ́ báà mọ́ ìgbànú ara), kí ẹ wá fi agbára kan náà na gbogbo rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí báà bá yẹ̀ sí apá kan, okùn ẹ̀yìn méjèèjì ò dọ́gba. Tí ẹ̀yìn bá le ganrangan tí iwájú dẹ̀, iwájú ti nà.

Ẹ má ṣe é nígbà tí okùn ṣì tutù ní apá kan tó sì gbẹ ní apá kejì. Kí ẹ sì tú gbogbo kókó kékeré tó bá wà lójú okùn kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Kókó kan ṣoṣo ń jẹ sẹ̀ǹtímítà kan ó lé, ó sì tún ń sọ okùn náà di aláìlágbára. Ibẹ̀ ló máa já.

ÌyáFoil

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ fi kún un pé kí wọ́n wo okùn ìjánu káìtì fúnra rẹ̀, àwọn okùn kéékèèké tó wà lára káìtì tí okùn gígùn ń kọ́ mọ́. Ó wọ́pọ̀ pé kí wọ́n fi apá ọ̀tún sí kókó kejì, apá òsì sí kókó kẹta, láti ilé ìtajà pàápàá. Ẹ mú ẹsẹ̀ okùn ẹ̀yìn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ ka kókó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Tí ìjánu bá ní pọ́lì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá, ẹ fi ọwọ́ fa okùn gba inú rẹ̀ kọjá. Iyanrìn kan péré tó há sínú pọ́lì apá kan á mú kí káìtì máa fà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì máa bú okùn tí kò ṣẹ̀.

AránṣọÒfurufú

Ẹ má tíì kúrò lórí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé, ẹ ò sọ iye tí ẹ fẹ́ ẹ dé. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Káìtì elégungun lè rọ̀ díẹ̀ kó ṣì fò, nítorí egungun ń gba aṣọ dúró. Aláìlégungun kò ní ju etí iwájú lọ. Tí iyẹn bá rọ̀, gbogbo ilé ti wó. Fún 9 sí 10 m², 7 sí 8 psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe le tó) ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Kékeré ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńlá ń fẹ́ díẹ̀ kéré. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, ìyẹn ni òfin.

Má fọkàn tán aago tó wà lára pọ́ǹpù. Òpó pọ́ǹpù ló ń wọn, kì í ṣe inú káìtì, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń fọn ún kíákíá. Ẹ fi ìka ta etí iwájú. Kó dún bí gángan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọrùn rẹ̀, kó má dún bí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìpẹ̀kun apá kan, kí ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ wá sí àárín. Tó bá ṣẹ́ po bí páìpù rọ́bà láìjà, ẹ fọn sí i.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣírò. Tí káìtì bá wà nínú oòrùn tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná tó 30 °C, tí ẹ fọn ún dé 7 psi, tí ẹ wá jù ú sínú òkun tó jẹ́ 12 °C, iye náà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 5.7. Ẹnì kankan ò jò ó, òtútù ló sún un kì. Nítorí náà, lẹ́yìn tó bá ti kọ́kọ́ já sómi, tí ẹ bá padà sí etíkun, ẹ tún un ta. Ní ilẹ̀ olóoru, òdìkejì ni: tí ẹ bá fọn ún le ní òwúrọ̀ tí ẹ wá fi sílẹ̀ lórí iyanrìn ní ọ̀sán gangan, túúbù lè bẹ́. Ẹ jò ó díẹ̀ tàbí kí ẹ fi sí ibòji.

Lílù pàpàpàpà ẹ̀yin Afẹ́fẹ́lẹ́lẹ́, ìdajì rẹ̀ lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò tó. Ìdajì yòókù, ìwà rẹ̀ ni.

EtíkunKent

Ìwà rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n tó máa bínú sí i, kí wọ́n rántí ìdí tí egungun fi wà. Nígbà tí Bruno àti Dominique Legaignoux gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí káìtì tí à ń fẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ní 1984, ohun tí wọ́n ń wá ni káìtì tí kì í rì, tó lè dìde láti orí omi. Túúbù iwájú ló gbé e léfòó. Iṣẹ́ egungun ìdábùú ni láti jẹ́ kí aṣọ ní ikùn tó tọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó má máa yí padà bí afẹ́fẹ́ bá yí. Nígbà tí irú káìtì tí wọ́n ń pè ní bow dé ọjà ní nǹkan bíi 2005, pẹ̀lú etí ẹ̀yìn tó tẹ̀ wọnú àti ìjánu níwájú, ó ṣeé ṣe fún ẹni tó ń gùn láti fi báà nìkan pa agbára rẹ̀ tán. Káìtì tí ẹ ń sọ yìí gbé ìjánu yẹn lọ, ó fi egungun sílẹ̀.

Ohun tí ẹ fi ra fífúyẹ́ ni dídúró gírígírí. Nígbà tí ẹ bá ti báà síwájú, okùn ẹ̀yìn dẹ̀, kò sí ohun tó ń na etí ẹ̀yìn mọ́, aṣọ á máa lu ara rẹ̀. Elégungun mẹ́ta pín etí yẹn sí ọ̀nà mẹ́rin kéékèèké. Tiyín jẹ́ ọ̀kan gígùn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ni: ẹ fi píìnì mú un níbi mẹ́ta, kò ní fẹ́ pọ̀, ẹ mú un ní etí méjèèjì nìkan, ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀ ní òpópónà kejì.

Cumbuco_Bọ̀dé

Láti Ceará ní Brazil, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí, láti Júláì títí wọ oṣù Janúárì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lójoojúmọ́, 7 àti 9 m² elégungun mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Aláìlégungun ní àyè tirẹ̀ níbí, àmọ́ ní òwúrọ̀ kùtù, kí afẹ́fẹ́ tó gbóná, tàbí lórí ìgbì, níbi tí ẹ ti fẹ́ kí káìtì máa bá yín sáré lọ láìfà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣírò agbára, kì í ṣe iye nọ́ọ̀tì lásán. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fa káìtì ń lọ pẹ̀lú iye nọ́ọ̀tì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Láti 10 dé 14, ó ti di ìlọ́po méjì. Láti 10 dé 20, ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó sọ pé “ó dára ní 10, mo rò pé á gbé 20” ti gbé ìlọ́po mẹ́rin lé aṣọ tí kò ní egungun. Fún ẹni kílò 78 lórí foil, 10 m² aláìlégungun ń gbádùn 10 sí 16. Lórí pátákó olórí méjì tí kò ní foil, ẹ má retí nǹkan kan kí ó tó di bíi 14, ìyẹn ni pé àyè tó kù fún yín kò tó nǹkan. Tó bá ti ń lu ara rẹ̀ láìdúró, kì í ṣe pé ó ń ráhùn, ó ń sọ fún yín pé kí ẹ lọ mú èyí tó kéré.

Ọmọ_Ọ̀sà

Kí ló dé tí ẹ ò kàn ra èyí tó ní egungun kan ṣoṣo? Ìṣòro parí.

ÌyáFoil

Ọmọ_Ọ̀sà, ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìṣòro kò parí, ó kàn yí ibùjókòó padà ni. Elégungun kan dákẹ́ ju aláìlégungun lọ, ó sì gbé nọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i lókè. Ó fúyẹ́ ju elégungun mẹ́ta lọ, kò sì fúyẹ́ tó aláìlégungun. Ẹni tó máa ra káìtì kan ṣoṣo, kó ra elégungun kan tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ti ní 9 m² elégungun mẹ́ta nílé tó wá ń wá ohun tó máa mú jáde ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan, òun ni aláìlégungun wà fún. Kí ẹ má rà á láti fi fò sókè o. Nínú fífò, ẹ fẹ́ káìtì tó máa dúró lórí yín bí agboòrùn nígbà tí ẹ ń bọ̀ wálẹ̀. Èyí á tẹ́ pẹrẹsẹ, á kọjá lórí yín.

Afẹ́fẹ́lẹ́lẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ìwọ̀n ti wáyé. Okùn iwájú fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Láàárín ẹ̀yìn méjèèjì, ti òsì fi sẹ̀ǹtímítà kan kúrú. Ìjánu dọ́gba. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, 6 psi ni. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ sọ 8.

Báwo ni kí a ṣe tún un ṣe? Ṣé kí a gé nǹkan?

BáàGbọọrọ

Ẹ má gé nǹkan kan! Ọ̀bẹ ni ohun ìkẹyìn.

Ẹ kọ́kọ́ tún òsì ṣe. Tí báà yín bá ní ibi tí a ti ń tún okùn ẹ̀yìn tò lábẹ́ ohun tó ń mú báà léfòó, ẹ tú òsì jáde ní sẹ̀ǹtímítà kan. Tí kò bá ní, ẹ so òsì mọ́ kókó tó jìnnà díẹ̀ sí káìtì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ẹ̀yìn méjèèjì síwájú lórí ẹsẹ̀ okùn káìtì, kókó kan ní ìgbà kan, kókó tó túbọ̀ jìnnà sí káìtì. Ìyẹn ni ó ń sọ okùn ẹ̀yìn di gígùn. Láti kókó kan sí èkejì máa ń tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, nítorí náà kókó kan lè tó fún yín. Ẹ má fò láti ìkíní sí ìkẹrin. Tí ẹ bá gbé e kọjá ààlà, àìsàn mìíràn ni: káìtì á máa sáré kọjá lórí yín, á wá ṣubú ní iwájú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dẹ̀, ẹ ó sì máa fa báà láìrí ìdáhùn. Láàárín dídákú sẹ́yìn àti ṣíṣubú síwájú ni ibùgbé rẹ̀ wà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́: ẹ gbé káìtì sí òkè orí, kí ẹ fa báà mọ́ra pátápátá, kí ẹ kà dé mẹ́ta. Kó dúró. Kó má fẹ̀yìn rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi báà sílẹ̀. Kó lọ síwájú díẹ̀, kó dúró sí etí fèrèsé afẹ́fẹ́ (ìpẹ̀kun àyè tí káìtì lè fò dé) láìká jọ. Tó bá dákú lójú omi kí ẹ tó rí ibi tún un ṣe, ẹ ti báà jìnnà, kí ẹ fa okùn ìdínkù bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Á jí.

Okùn tuntun ń nà jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìjáde márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ wá máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

EtíkunKent

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi báà ilé iṣẹ́ kan fo káìtì ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ wo ibi tí okùn iwájú ti pín sí méjì. Òmíràn ń pín nísàlẹ̀ nítòsí báà, òmíràn ń pín lókè nítòsí káìtì. Ibi tó pín ń yí bí ìpẹ̀kun káìtì ṣe ń ṣí padà. Káìtì tí wọ́n ṣe fún pípín nísàlẹ̀, tí ẹ bá fò ó lórí pípín lókè, ó lè má yí mọ́ bí wọ́n ṣe sọ. Àwọn èèyàn máa ń kọ pé “káìtì yìí lọ́ra” nígbà tó jẹ́ pé báà ni.

Okùn náà ní tiẹ̀. Mítà 24 fún un ní àyè láti rìn jìnnà, agbára á pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Mítà 20 á mú kó yí kíá, agbára á dín. Ẹni tó bá fẹ́ fi káìtì méjì wéra, kó fi báà kan náà àti okùn kan náà fo méjèèjì ní ọjọ́ kan náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, okùn ló ń fi wéra.

AránṣọÒfurufú

Ọ̀rọ̀ ààbò kò tíì jáde tó, mo rí i pé gbogbo wa ti wọnú okùn.

Nígbà gbígbé sókè: ẹni tó ń bá yín gbé e kò ní egungun dì mú. Kó di àárín etí iwájú mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó má di aṣọ, kó má di etí ẹ̀yìn. Ìró aṣọ á pọ̀, á fẹ́ dẹ́rù bà á, á sì fẹ́ fi sílẹ̀ láìtọ́jọ́. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Ẹ rìn lọ sókè síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá títí aṣọ á fi dẹ́kun gbígbọ̀n tí á sì le. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè, pé kó fi sílẹ̀.

Nígbà tó bá wà nílẹ̀: òkìtì iyanrìn kan ní àárín kò tó. Ẹ kó iyanrìn sí àárín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí iwájú, kí ẹ tún kó òkìtì kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún àti òsì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ á máa gbá ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń mu tíì, iyanrìn a sì máa jẹ ẹ́. Tí ẹ ò bá ní lò ó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ jò ó, kí ẹ ká a. Túúbù kan ṣoṣo ni, kì í pẹ́ láti fọn padà.

Ìtúsílẹ̀ pàjáwìrì: láti 2020 ni ISO, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún gbogbo àgbáyé, ti ní ìlànà fún irú ohun èlò yìí, ISO 21853. Ẹ wá a lára báà kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì tú u lórí ilẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá jáde, kí ẹ tún un dè, torí pé iyanrìn àti iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Tí ẹ bá tú u, okùn iwájú kan ṣoṣo ló máa di káìtì mú; ẹ ṣàyẹ̀wò pé báà lè sáré gòkè lórí okùn yẹn tó ìbú káìtì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Tí ibi kan bá dá a dúró lọ́nà, káìtì kò ní tẹ́ pátá, á ṣì máa fà yín.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nípa aláìlégungun ni pé túúbù kan ṣoṣo ló ní. Tí etí iwájú elégungun mẹ́ta bá bẹ́ láàárín omi, egungun ṣì léfòó, ẹ ṣì rí nǹkan dì mú. Tí tiyín bá bẹ́, ó di aṣọ tútù. Torí náà, ẹ wọ ẹ̀wù tó ń léfòó, ẹ má jáde jìnnà ju ibi tí ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ padà, ẹ má sì fi pátákó sílẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀sà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ìbéèrè kan: ṣé irú káìtì yìí wúlò ní Èkó? Afẹ́fẹ́ ilé kì í lágbára tó ti Gẹ̀ẹ́sì.

Cumbuco_Bọ̀dé

Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ òjò tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá ló ń fẹ́ sí etíkun yín, ó sì máa ń lágbára díẹ̀ sí i ní Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá kọjú sí òkun, apá ọ̀tún níwájú ló ti ń wá, ó ń tì yín padà sí ilẹ̀. Ìyẹn dára ní ti pé kò ní gbé yín lọ sójú agbami. Wàhálà rẹ̀ ni ìgbì tó ń fọ́ sórí iyanrìn. Káìtì tó bá já sínú ìgbì yẹn, omi á kún inú aṣọ rẹ̀, ìgbì á sì fà á. Aláìlégungun á là á já ju elégungun lọ ní ti pé kò sí egungun tó lè ṣẹ́ tàbí túúbù kékeré tó lè bẹ́, àmọ́ tí okùn bá dẹ̀ báyìí, á ká jọ bí aṣọ ìnura. Foil sì nílò omi tó jìn dé ibi tí ọ̀pá rẹ̀ gùn dé. Ẹ má gbé foil gba ibi tí ìgbì ti ń fọ́.

Wákàtí àkọ́kọ́, omi pẹrẹsẹ ni kí ẹ wá. Kí ẹ sì jìnnà sí igi àgbọn: afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun wá ló máa gbé yín lọ bá wọn.

ÌyáFoil

Kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ o, Ọmọ_Ọ̀sà. Káìtì tó fúyẹ́ lọ́wọ́ kò túmọ̀ sí pé ó fúyẹ́ lágbára.

Afẹ́fẹ́lẹ́lẹ́

Àbọ̀ rèé. Kókó kan síwájú ní ẹ̀yìn méjèèjì, òsì ti di ọgbọọgba, 8 psi. Ní nọ́ọ̀tì 11, a fa báà mọ́ra pátá, a kà dé mẹ́ta, kò dákú. Fífà sí òsì ti tán. Ìlù pàpàpàpà ti sún síwájú: láti 15, ó ti di 17 kó tó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Báà ti wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ti ń mọ ibi tí káìtì wà láìgbójú sókè.

Ohun kan ló kù. Ní etí ẹ̀yìn, láàárín gan-an, ojú aṣọ ti ń funfun ní ìlà tín-ín-rín. Ṣé wákàtí mẹ́fà lè ṣe ìyẹn?

AránṣọÒfurufú

Ó lè ṣe é, tí ọ̀pọ̀ nínú wákàtí yẹn bá jẹ́ ìlù. Ìpara tó wà lójú aṣọ ló ń fọ́ níbi tó ti ń ká léraléra. Kò tíì dé ibi tí ó ń ba fífò jẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ni aṣọ máa kọ́kọ́ kú.

Bí a ṣe ń mọ aṣọ tó wà láàyè: ẹ fọwọ́ rún un nítòsí etí. Tuntun á dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní báńkì. Èyí tó ti gbó á rọ̀ múlọ́múlọ́ bí èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ alájàpá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu lé aṣọ, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Kó má kọjá. Tí ó bá ń kọjá, owó yòówù tí wọ́n bá pè é, ẹ má rà á. Ẹ ṣe é lójú ibi tó funfun yẹn àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi méjèèjì wéra.

Ẹ lè dáàbò bo ibẹ̀. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi spíríìtì nu ìlà náà, ẹ má fi bẹntiróòlù. Ẹ gé téèpù aṣọ káìtì kan tó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kọjá ìlà náà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ gé igun rẹ̀ kó rí róbótó, torí igun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló kọ́kọ́ ń ká. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sí iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí rìn ín mọ́lẹ̀ láti àárín jáde. Yíya tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, tí kò sì kan ojú ìrán, ẹ lè fi téèpù yìí tún un ṣe fúnra yín. Tó bá kan ojú ìrán tàbí etí iwájú, ẹ gbé e lọ bá aránṣọ káìtì; ẹ̀rọ ìránṣọ ilé kì í gún ibẹ̀ dọ́gba, gbogbo ihò tí abẹ́rẹ́ bá sì gún lásán jẹ́ ọ̀nà tí yóò gbà ya.

Tí tiyín bá jẹ́ irú tí wọ́n fi Aluula, aṣọ àkànṣe tó fúyẹ́ tó sì le, ṣe etí iwájú rẹ̀, ẹ má fi téèpù lásán bò ó o. Ohun èlò yẹn ní téèpù tirẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

BáàGbọọrọ

Kí ẹ sì tún okùn wọ̀n lẹ́yìn ìjáde márùn-ún. Mo mọ̀ pé ẹ ó gbàgbé, ẹ kọ ọ́ sára àpò.